Òkú Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékan

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Dókítà Ìrètí Akínbádé wọ kọmisáríà ọlọ́pàá kan ní Akpakpa ní Kútọnu, ó gbé fáìlì pupa kan lé orí tábìlì, ó ní olè ja òun. Ọlọ́pàá tó jókòó nídìí tábìlì náà ń jẹ́ Sàní. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń wá ọkọ̀ tí wọ́n bá jí gbé nítòsí èbúté, kò sì sí irú olè tó lè yà á lẹ́nu mọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bíírò.

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ìwé ìwádìí mi."

"Níbo ni wọ́n ti jí i?"

"Mi ò mọ̀."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Òun nìyí nínú fáìlì."

Sàní gbé bíírò sílẹ̀. "Dókítà, wọ́n jí i, ó sì wà lọ́wọ́ yín."

"Ọ̀gá, ká ní mo ní ewúrẹ́ kan. Ẹnì kan wá ya àwòrán rẹ̀, ó fi han gbogbo ayé pé ewúrẹ́ òun ni. Ewúrẹ́ mi ṣì wà ní ìso. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo fà á dé ọjà, èmi ni wọ́n pè ní olè ewúrẹ́."

"Ó ti yé mi wàyí," Sàní wí, ó sì kọ ewúrẹ́ kan sínú ìwé. Dókítà Ìrètí ní kó pa á rẹ́.

Ọmọ Nàgó láti Pobè ni Dókítà Ìrètí, olùkọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì kan ní Kútọnu. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2011 títí di ìparí ọdún 2012, ó ń wá ọ̀nà tí ẹ̀wà fi lè pẹ́ nínú àpò láìsí kòkòrò àti láìsí oògùn olóró. Èèpo ọsàn gbígbẹ ló ń gún mọ́ eérú. Àpò ẹ̀wà méjìdínláàádọ́ta ló tò sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Eku jẹ méjì. Òjò ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà ba márùn-ún jẹ́. Ibà dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi sí iná ìjọba, nítorí náà ọwọ́ ló fi kọ gbogbo iṣẹ́ náà. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ló já sí ní èdè Faransé. Ìwé àtìgbàdégbà kékeré kan gbé e jáde ní ọdún 2013, kò pẹ́ sí i ni ìwé àtìgbàdégbà náà kógbá sílé. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni àwọn onímọ̀ tọ́ka sí i nínú ìwé tiwọn. Mẹ́ta nínú mẹ́rin náà, òun fúnra rẹ̀ ni.

Nísinsìnyí ó ń wá ìgbéga. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́tà ìgbìmọ̀ ìgbéga dé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló jí ìwé tirẹ̀ kọ láti inú ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n A. B. Adélékan, èyí tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2015, tí ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá onímọ̀ sì ti tọ́ka sí káàkiri ayé. Òǹkà kan náà ni. Eku kan náà ló jẹ àpò méjì. Òjò kan náà rọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà. Àwòrán kan náà ló wà níbẹ̀, agbọ̀n ẹ̀wà kan àti ẹsẹ̀ obìnrin kan létí rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta nìyí?" Sàní béèrè.

"Ẹsẹ̀ ìyá mi."

"Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Mo sọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ìyá mi ti bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékan ṣiṣẹ́ rí."

"Tiyín ló kọ́kọ́ jáde. 2013 ṣáájú 2015."

"Wọ́n ní ìwé àtìgbàdégbà tó ti kú kò lè jẹ́rìí, pé ẹnikẹ́ni lè tẹ ọdún tó bá wù ú sí iwájú ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n máa jókòó. Bí Adélékan kò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́, wọ́n á yọ orúkọ mi, wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn, Ọ̀gá."

"Níbo ni Adélékan ń gbé?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

Kò sí ẹni tó mọ ibi tó ń gbé. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀ ni pé ọmọ bíbí Sàkété ni, àti àdírẹ́sì ímeèlì kan. Sàní kọ̀wé sí i. Èsì dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin pé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà ní Jìnífà. Sàní tún kọ̀wé. Èsì dé pé Ọ̀jọ̀gbọ́n wà nínú ọkọ̀ òfurufú, níbi tí kò ti ṣeé ṣe láti rán tàbí láti gba ímeèlì.

"Àwọn tí wọ́n jọ kọ ìwé náà ńkọ́?"

"Mẹ́fà ni wọ́n. Àwọn márùn-ún kì í gbé fóònù. Ẹni tó tẹ̀ lé Adélékan gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí, alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yọ mí. Ó ní ọdún méjì gbáko làwọn fi jọ ṣiṣẹ́ lóko."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n lọ sí yàrá ìkàwé yunifásítì láti wo àwọn tó ń tọ́ka sí Adélékan. Wọ́n yọ ìwé ìgboyè mọ́kànlélógún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ kalẹ̀. Èyí tó dá lórí ẹ̀wà tọ́ka sí i. Èyí tó dá lórí eyín àwọn ọmọ ilé ìwé tọ́ka sí i. Èyí tó dá lórí òfin ìgbéyàwó tọ́ka sí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Dókítà, ìwé méjì tó jọra bí ìbejì," Sàní wí. "Kí ló dé tí ayé fi ń tọ́ka sí ọ̀kan, tí wọn ò sì mọ èkejì?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni tirẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ni 'Ta Ní Ń Jẹ Ẹ̀wà Wa?' Àkọlé tèmi gba ìlà mẹ́ta. Àwọn méje ló fi orúkọ sí tirẹ̀, ọ̀rẹ́ kálukú wọn sì ń tọ́ka sí i. Nígbà tó bá sì ti pé ọgọ́rùn-ún tó tọ́ka sí i, ọgọ́rùn-ún tó tẹ̀ lé e kì í kà á mọ́. Wọ́n á kàn dà á kọ."

"Bí ilé oúnjẹ tí èrò pọ̀ sí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í béèrè bóyá ó dùn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọbẹ̀ tèmi wà ní ilé kejì."

Ìwé kejìdínlógún dá lórí kọnkéré afárá. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadámilọ́lá ló kọ ọ́, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà kan nítòsí ọ̀sà. Wọ́n bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kọ ìwé yìí?"

"Èmi ni, Ọ̀gá."

"Kí ni ẹ̀wà ń wá lórí afárá?"

Ó wo ibi tí Sàní fi ìka sí. "Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

"O kò ka ìwé tí ìwọ fúnra rẹ kọ?"

"Mo ka ibi tí mo kọ. Àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn yẹn, ọ̀dọ̀ bọ̀dá kan tí a ń pè ní Tọ́ńtọ̀n Rilwan ni wọ́n ti ń bá wa tò ó, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń di ìwé. Gbogbo wa la máa ń gbé e lọ síbẹ̀."

"Tí afárá náà bá wó lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ̀wà kọ́ ló máa wó o, Ọ̀gá."

Ṣọ́ọ̀bù Rilwan wà ní Akpakpa níbẹ̀, létí títì tó lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ̀rọ fọ́tòkópì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìdìwé kan àti àga oníke mẹ́rin. Rilwan fúnra rẹ̀ tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, bíírò mẹ́ta wà ní àpò àyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń tu aláìsàn nínú.

"Tàǹtí, ẹ kúrọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ta ni Adélékan?"

"Ènìyàn ńlá ni. Oníbàárà mi ni."

"Kí ló dé tí o fi ń ki orúkọ rẹ̀ bọ inú ìwé ẹni ẹlẹ́ni?"

"Ọ̀gá mi, ìwé tó bá jókòó ti ènìyàn ńlá, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í rí ìwé tó pọ̀ tó tọ́ka sí. Mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"Mo fẹ́ rí i."

"Kò sí nílé."

"Rilwan, yàrá kan wà lẹ́yìn kọmisáríà wa, kò ní fèrèsé. Àwọn ẹ̀fọn ibẹ̀ kò kàwé."

Rilwan tún àwọn bíírò àpò àyà rẹ̀ tò. "Ó ń bọ̀ lọ́la. Aago mẹ́rin, ní pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun."

Lọ́jọ́ Rú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró sí ẹnu ọ̀nà tí àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú ń gbà jáde. Rilwan gbé páálí kan tó kọ Ọ̀JỌ̀GBỌ́N ADÉLÉKAN sí lára sókè. Àwọn arìnrìn-àjò jáde tán. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfurufú jáde. Ẹni tó ń gbálẹ̀ inú ọkọ̀ náà jáde. Rilwan mú fóònù rẹ̀, ó gbé e sétí, ó sì bú sẹ́kún. Sàní ṣàkíyèsí pé omijé ti ṣáájú fóònù.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sùn," Rilwan wí. "Àyà ló dùn ún. Ó ti ṣaláìsí."

Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá fún Sàní ní kọmisáríà pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kò sí bí a ṣe ń bi òkú ní ìbéèrè, kó gba ìwé ẹ̀rí ikú, kó pa dọ̀sìé ẹjọ́ náà dé. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìgbéga náà pe Dókítà Ìrètí. Ó ní ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ alága, pé bí wọ́n bá jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adélékan, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ orúkọ Dókítà. Dókítà Ìrètí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì jẹun.

Rilwan ti fi ọgbọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n ìwà òmùgọ̀ ni èyí. Ènìyàn lè wà láàyè ní Kútọnu fún ọgọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ̀. Bó bá kú, wọ́n á wá.

Ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Alùfáà Mùbárákù wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ọkùnrin mẹ́rin láti Ẹgbẹ́ Ọmọ Sàkété. Wọ́n gbé aṣọ funfun àti kẹ́tùlù dání. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọmọ àwọn kú, oòrùn kò gbọ́dọ̀ wọ̀ kí wọ́n tó sin ín. Rilwan wo kẹ́tùlù náà.

"Alùfáà, Kirisitẹ́nì ni. Ilé ìtọ́jú òkú ló wà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ṣe é, ó lè tó oṣù méjì."

Wọ́n kí i kú ọ̀fọ̀, wọ́n lọ. Ní aago mẹ́sàn-án, Bàbá Ṣọlá, katẹkísì láti Sàkété kan náà, wọlé pẹ̀lú obìnrin akọrin mẹ́sàn-án. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ àìsùn, iye ọjọ́ tí òkú máa lò nínú yìnyín, àti irú igi tí wọ́n máa fi kan pósí.

"Bàbá, Mùsùlùmí ni," Rilwan wí. "Wọ́n ti sin ín láàárọ̀ yìí. Alùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni."

Ohun tí Rilwan kò mọ̀ ni pé bàbá kan náà ló bí Alùfáà Mùbárákù àti Bàbá Ṣọlá, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ agbo ilé Nàgó. Bàbá Ṣọlá fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira. Wọ́n ní ẹ ti sin ín."

"Sin ta ni? Ẹ̀yin lẹ ni ín. Wọ́n ní ó wà nínú yìnyín."

"Yìnyín ta?"

"Yìnyín yín."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti padà dé sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú kẹ́tùlù àti akọrin. Sàní dé láti gba ìwé ẹ̀rí ikú, Dókítà Ìrètí sì tẹ̀ lé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí náà dé nínú ọkọ̀ dúdú, ó fẹ́ kí àwọn ẹbí òkú. Ohùn rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ fà ro, kò sì wo ibi tí Dókítà Ìrètí dúró sí.

"Ọdún méjì la fi jọ wà lóko," ó wí. "Ó fẹ́ràn àkàrà gbígbóná. Ó máa ń kọrin bó bá ń wọn ẹ̀wà."

Àwọn akọrin mi orí.

"Ṣé ó ń kírun?" Alùfáà béèrè.

"Gbogbo ìgbà, Alùfáà."

"Ṣé kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Bàbá Ṣọlá béèrè.

"Kì í pa ọjọ́ Ìsinmi kankan jẹ."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò wo ara wọn. Alùfáà yíjú sí Rilwan. "Ọ̀rẹ́, òkú kan ṣoṣo lo sọ fún wa, àbí méjì?"

"Ẹ jẹ́ kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá," Rilwan wí. "Èmi fúnra mi ni màá mú yín débẹ̀."

Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó fo ògiri kúkúrú kan, ó já sí títì, ó sì bẹ́ sẹ́yìn alùpùpù zẹ́mì kan pé kó gbé òun dé ẹnu ibodè. Àmọ́ obìnrin kan nínú akọrin ti rí i. Ó sọ fún àwọn tó kù pé Rilwan ti ń lọ síbi òkú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, zẹ́mì mọ́kànlá ló ń sáré tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dúdú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí wà láàárín, Sàní àti Dókítà Ìrètí wà lórí zẹ́mì kan náà, kẹ́tùlù ń dún gbàgà-gbàgà, akọrin sì ti gbé orin òkú.

Rilwan wẹ̀yìn. "Máa sáré," ó wí fún ẹni tó gbé e.

"Ọ̀gá, ṣé èèyàn yín ló kú ni?"

"Mo ní kí o máa sáré."

"A kì í sáré níwájú òkú," ọkùnrin náà dáhùn, ó sì dín eré kù.

Rilwan bẹ̀ ẹ́. Ó halẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin náà sáré díẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì sáré, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé òkú náà jìnnà o. Ní oríta kan, ọlọ́pàá ojú pópó rí wọn, ó ṣí fìlà, ó dá gbogbo ọkọ̀ dúró kí wọ́n lè kọjá. Àwọn aláta létí ọ̀nà dìde. Ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láì béèrè ẹni tó kú. Ní ìwọ̀n kìlómítà mẹ́sàn-án sí Akpakpa, epo tán nínú zẹ́mì Rilwan. Ọkùnrin náà yà sí ìdí tábìlì àwọn tó ń ta epo inú ìgò. Ẹni tó ń ta epo rí ọ̀wọ́ ọlọ́fọ̀ tó ń bọ̀, ó gbé àrọ sílẹ̀, ó dúró ṣanṣan. Kò bu epo.

Rilwan sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti yí i ká. Sàní di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Níbo ni òkú wà?"

"Ọ̀gá mi, kò sí òkú."

"Wọ́n jí i?" Alùfáà béèrè.

"Kò kú."

Akọrin yí orin padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

"Ẹ dákẹ́ ná," Sàní wí. "Bí kò bá kú, níbo ló wà?"

"Kò sí níbì kankan. Wọn ò bí i rí. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà."

Gbogbo wọn yíjú sí ọkọ̀ dúdú, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí ti ń wá bí gíláàsì fèrèsé ṣe ń lọ sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," Sàní wí, "ẹni tó fẹ́ràn àkàrà gbígbóná ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn."

"Ẹlòmíràn wo?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí béèrè omi. Alùfáà gbé kẹ́tùlù fún un.

"Ó ra ipò kejì lára orúkọ àwọn tó kọ ìwé náà lọ́wọ́ mi," Rilwan wí. "Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló rà á. Ipò kejì ló wọ́n jù."

Nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, kò lè dákẹ́ mọ́. Ní ọdún 2012, ibùdókọ̀ kan ní Àjàṣẹ́ ló ti ń tẹ̀wé. Awakọ̀ kan láti Pobè gbé ojú ìwé mẹ́rìnlá àti àwòrán kan wá pé olùkọ́ kan ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Rilwan tẹ̀ ẹ́, ó dá èyí tó tẹ̀ padà, ó sì pa èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ mọ́. Nígbà tó di pé àwọn olùkọ́ ń wá a pé kó bá àwọn wá orúkọ sí ara ìwé ńlá, ó rántí ẹ̀wà náà, ó yí i sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi orúkọ Adélékan síwájú.

"Ẹgbẹ̀ta ó lé méjìlá," Dókítà Ìrètí wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa bá a sọ̀rọ̀ tààrà. "Ìwọ lo fi gbogbo rẹ̀ sí i?"

"Rárá, Tàǹtí. Ogójì péré ni mo fi sí i. Àwọn yòókù wá fúnra wọn. Mi ò mọ̀ wọ́n. Bùràsíì wà níbẹ̀, Índíà wà níbẹ̀." Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó kọ̀wé láti bi mí ní ìbéèrè kan."

Sàní fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábísí náà máa bọ̀ ní kọmisáríà. Bàbá Ṣọlá béèrè bóyá àwọn lè mú àga tí àwọn ti háyà nítorí àìsùn padà, Sàní sì ní wọ́n lè mú un padà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú àpótí irin kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìdìwé, wọ́n rí ojú ìwé mẹ́rìnlá tí wọ́n fọwọ́ kọ. Bíírò búlúù ni. Eérú ṣì wà lára ojú ìwé kẹfà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ jókòó pẹ̀lú alága tuntun, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dókítà Ìrètí. Wọ́n ka ímeèlì tó dé lóru láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbé ìwé Adélékan jáde, pé àwọn máa yọ orúkọ méjèèje kúrò, orúkọ Dókítà Ìrètí nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Alága ní kí wọ́n dìbò kíákíá, kí gbogbo ènìyàn lè máa lọ sílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," Dókítà Ìrètí wí. "Ta ló ti kà á nínú yín?"

Wọ́n wo tábìlì. Alága yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Mo lè dúró," Dókítà Ìrètí wí, ó sì jókòó.

Wọ́n pín ìwé náà. Fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ohun kan ṣoṣo tó ń dún nínú yàrá náà ni ìwé tí wọ́n ń ṣí àti fáànù òkè. Ọkùnrin kan ní ìpẹ̀kun tábìlì, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, gbé orí sókè.

"Dókítà, ẹ̀wà lẹ fi ṣe é. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún àgbàdo?"

Láti ọdún 2013, kò sí ẹni tó bi Dókítà Ìrètí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ náà rí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ó wí, "àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sá àgbàdo náà fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí kòkòrò tirẹ̀ ń wọ inú hóró lọ ni. Ẹ wá síbí kí n yà á fún yín."